Tí A Bá Ti Ìsọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì, Ta Ló Máa Rí Ìlẹ̀kùn Tí A Tì?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Dublin ni mo ń gbé, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti gèlè tí mo ti wé sílẹ̀ lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Lóṣù tó kọjá, wọ́n kọ̀wé sí gbogbo wa pé kọmíṣọ̀n tí wọ́n ń gbà máa lọ sókè. Wọ́n tún ní láti ìsinsìnyí lọ, iye ìràwọ̀ tí oníbàárà bá fún wa ló máa pinnu bóyá ọjà wa á wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Èmi sì rèé, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nítorí pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá ẹrù rẹ̀ dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká ti ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Ìbàdàn, wọ́n fowó kún owó ìsọ̀ lọ́jà tí màmá mi ti ń ta aṣọ. Gbogbo wọn ti ìsọ̀, kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi wá ń bẹ̀ wọ́n. Ṣé kí n bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tì í? Mo gbọ́ pé àwọn ará eBay ti ṣe irú ẹ̀ rí. Kí ló jáde níbẹ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú wàhálà ọjà. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí mo sì dúró lé lórí jù ni ọ̀rọ̀ ọjà Ìbàdàn tí ẹ mẹ́nu bà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ dá yín lóhùn.

Nígbà tí màmá yín àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ti ìsọ̀, gbogbo ìlú ló rí i. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó dé ọjà, ó bá ìlẹ̀kùn ní títì, ó padà sílé, ó sọ fún aládùúgbò. Onímọ́tò tó ń gbé èrò lọ síbẹ̀ kò rí èrò gbé. Alábàárù jókòó lásán. Àwọn tó ń gba owó ìta kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì náà ló ń bá wọn jà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá ti ìsọ̀ yín lónìí, ẹni tó bá ń wá ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kò ní bá ìlẹ̀kùn kankan ní títì. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíràn ló máa yọ sí i lójú, á rà á, á sùn. Kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ń bínú. Ohun tó sọ ọ̀pọ̀ ìyanṣẹ́lódì àwọn olùtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì di òfo nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò jàre.

Ọ̀rọ̀ eBay tí ẹ béèrè, ọdún 2008 ni. Àsìkò yẹn, wọ́n ń pààrọ̀ ọ̀gá àgbà: Meg Whitman ń lọ, John Donahoe ń bọ̀. Ní ìparí oṣù kìíní, wọ́n kéde àyípadà. Wọ́n dín owó tí olùtajà ń san kó tó lè pàtẹ ọjà kù, nǹkan bí ìdá 25 sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wá fi kún èyí tí wọ́n ń gbà nígbà tí ọjà bá tà: lórí dọ́là 25 àkọ́kọ́ nínú iye tí ọjà bá tà, ìdá 5.25 di ìdá 8.75. Wọ́n tún ní PayPal, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ tiwọn nígbà náà, lè mú owó àwọn olùtajà kan dání fún ọjọ́ 21. Èyí tó ká àwọn ènìyàn lára jù ni pé láti oṣù karùn-ún ọdún náà, olùtajà kò ní lè fún ẹni tó ra ọjà ní àmì kankan mọ́ àfi àmì rere. Oníbàárà lè bà yín lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin lè yìn ín tàbí kí ẹ fi àmì yín pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan ṣoṣo, ìwé àlòkù tó tà ní dọ́là 20. Tẹ́lẹ̀, eBay á mú dọ́là 1.05 nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá tà. Lábẹ́ ètò tuntun, ó di dọ́là 1.75. Sẹ́ǹtì 70 ni ìyàtọ̀. Kò jọ nǹkan létí ẹni tí kì í tajà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ìwé àlòkù lè má jèrè ju dọ́là mẹ́ta lórí ìwé kan lẹ́yìn owó ìfiránṣẹ́ àti páálí. Sẹ́ǹtì 70 kúrò nínú dọ́là mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin èrè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ni àwọn ń gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀, pé kò ní san owó gọbọi kó tó mọ̀ bóyá ọjà máa tà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹni tó ń tà lójoojúmọ́, tó ti bá wọn kọ́ ọjà náà láti ilẹ̀, òun ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí.

Àwọn olùtajà dá ọjọ́. Láti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 25 oṣù kejì, wọn ò ní pàtẹ ọjà tuntun, wọn ò sì ní rà. Àwọn kan tó ń ka iye ọjà tó wà lórí àtẹ ní ó dín kù. Ilé-iṣẹ́ ní kò sí ohun tó yàtọ̀. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ní ọjọ́ 20, owó tuntun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, òfin àmì rere náà bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní 2005, ariwo àwọn olùtajà ti mú kí eBay yìí kan náà dín owó ìpàtẹ tó kéré jù kù láti sẹ́ǹtì 30 sí sẹ́ǹtì 25. Sẹ́ǹtì márùn-ún náà kì í ṣe òfo fún ẹni tó ń pàtẹ ẹgbẹ̀rún ọjà lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ibi tí ariwo mú wọn dé nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àbọ̀ oníbàárà, ìyẹn ohun tí oníbàárà bá kọ nípa olùtajà, torí mo rò pé òun ló ṣe pàtàkì ju kọmíṣọ̀n lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọmíṣọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pariwo.

Ìwádìí kan wà tí Paul Resnick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006. Olùtajà kan tí orúkọ rẹ̀ ti gbajúmọ̀ lórí eBay bá wọn ta káàdì ìfìwéránṣẹ́ ayé àtijọ́. Ó tà lára wọn lábẹ́ orúkọ rẹ̀ gangan, ó sì ta irú wọn kan náà lábẹ́ àwọn orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹrù ò yàtọ̀, ọwọ́ tó dì í ò yàtọ̀. Síbẹ̀, àwọn oníbàárà ṣe tán láti fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọjà tó bá wà lábẹ́ orúkọ àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ọdún mẹ́fà yín níye lórí nìyẹn. Gbogbo "ìlẹ̀kẹ̀ náà dára ju àwòrán lọ" tí wọ́n ti kọ sábẹ́ orúkọ yín, owó ni. Ẹ ò sì lè gbé e lọ ibì kankan. Tí màmá yín bá kó kúrò ní ìsọ̀ kan lọ sí òmíràn, oníbàárà wọn á tẹ̀ lé wọn, torí ojú wọn ni wọ́n mọ̀, "Ìyá Aláṣọ" ni wọ́n ń pè wọ́n. Tẹ̀yin, inú ilé onílé ni ìràwọ̀ yín wà. Onílé mọ̀. Ìdí tó fi lè fowó kún owó ìsọ̀ láì bẹ̀rù pé ẹ máa kó jáde nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìhà kejì náà, torí ẹni tó bá gbà yín nímọ̀ràn láì sọ ọ́ ń tàn yín ni. Resnick yìí àti Richard Zeckhauser ti wo ọjà tí wọ́n tà lórí eBay ní 1999. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn oníbàárà tó kọ àbọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún àbọ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 99 ló jẹ́ ìyìn. Ta ló ti rí ọjà tí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín jáde? Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀: tí o bá sọ tèmi, màá sọ tìẹ. Olùtajà á dúró kí oníbàárà kọ́kọ́ kọ tiẹ̀, kó lè mọ èyí tí òun máa kọ. Nígbà tí eBay wá gba ohun ìjà yẹn lọ́wọ́ olùtajà, ọ̀pọ̀ sọ pé òpin ti dé. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Tobias Klein, Christian Lambertz àti Konrad Stahl, gbé ohun tí wọ́n rí jáde: ìtẹ́lọ́rùn àwọn oníbàárà lọ sókè lẹ́yìn àyípadà náà, àwọn olùtajà kò sì tìtorí ẹ̀ sá kúrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n túbọ̀ ń ṣọ́ra ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, àwọn olùtajà ọdún 2008 jàre lórí owó. Lórí àbọ̀, wọn ò jàre tó bí wọ́n ṣe rò. Ibi tí wọ́n ti jàre ni pé eBay gba ohun ìjà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú àwọn méjì tó ń jà, kò sì yan adájọ́ tí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ohun tó ń dun ẹ̀yin náà lónìí nìyẹn: kọ́sítọ́ọ̀mù dá ẹrù dúró, wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ yín, kò sì sí ẹni tí ẹ máa rí sọ fún.

Ti Etsy súnmọ́ tiyín ju ti eBay lọ, torí ọjà ọlọ́wọ́ọṣẹ́ ni. Ní 2018, wọ́n gbé kọmíṣọ̀n láti ìdá 3.5 sí ìdá 5, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lórí owó ìfiránṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2022, ó di ìdá 6.5, lẹ́yìn tí èrè ilé-iṣẹ́ náà ti lọ sókè gidi lásìkò Kòrónà. Ẹ wo aṣọ kan tí olùtajà kan l'Amẹ́ríkà tà ní dọ́là 40, owó ìfiránṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Sẹ́ǹtì 20 fún ìpàtẹ. Dọ́là 2.60 fún kọmíṣọ̀n. Dọ́là 1.45 fún gbígba owó, ìyẹn ìdá 3 àti sẹ́ǹtì 25. Ó ti di dọ́là 4.25. Tó bá jẹ́ pé ìpolówó tí Etsy gbé sí ìta ló mú oníbàárà náà wá, ìdá 12 mìíràn tún kúrò, dọ́là 4.80, fún ẹni tó bá ti ta ju dọ́là 10,000 lọ láàárín ọdún kan, kò sì lè sọ pé òun ò fẹ́ ìpolówó náà. Dọ́là 9.05 ti lọ nínú 40. Kò tíì ra òwú o, kò tíì san owó iná ẹ̀rọ ìránṣọ, kò tíì ka wákàtí tó fi jókòó rán an.

Àwọn olùtajà ti ìsọ̀ láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18. Ó ju 80,000 ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn, àwọn oníbàárà wà nínú wọn. Yàtọ̀ sí kọmíṣọ̀n, wọ́n ń bínú sí ìpolówó tipátipá yẹn, sí àwọn tó ń ta ọjà ilé-iṣẹ́ ńláńlá bí ẹni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àti sí ètò Star Seller tó ń fẹ́ kí olùtajà dáhùn ìdá 95 lẹ́tà oníbàárà láàárín wákàtí 24, ì báà jẹ́ ọjọ́ Sunday, ì báà jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Ẹ̀sùn wọn mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ó ju mílíọ̀nù márùn-ún olùtajà tó wà lórí Etsy nígbà náà. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tilẹ̀kùn, mílíọ̀nù ṣì ṣí sílẹ̀. Ìdá 6.5 náà kò padà sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀, Indie Sellers Guild. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n ti jà tí onílé ọjà sì gbọ́? Ó wà, ìtàn rẹ̀ sì le. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ní ilẹ̀ Ṣáínà, Taobao Mall tó jẹ́ ti Alibaba kéde pé owó ọdọọdún tí olùtajà ń san máa kúrò ní yuan 6,000, á di 30,000 tàbí 60,000. Owó ìdógò tó jẹ́ 10,000 lè dé 150,000. Àwọn olùtajà kéékèèké kóra jọ lórí YY, níbi tí wọ́n ti lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọn ò ti ìsọ̀ tiwọn. Ìsọ̀ àwọn olùtajà ńlá ni wọ́n ya bò: wọ́n ń ra ọjà wọn wìtìwìtì, wọ́n ń fún wọn ní àmì burúkú, wọ́n ń ní kí wọ́n dá owó padà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ káràkátà dá sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Jack Ma, ọ̀kan lára àwọn tó dá Alibaba sílẹ̀, fúnra rẹ̀ jáde bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní Hangzhou. Wọ́n sún owó tuntun náà síwájú di ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 fún àwọn tó ti wà níbẹ̀, wọ́n dín owó ìdógò kù sí ìdajì, wọ́n sì ní àwọn máa fi bílíọ̀nù 1.8 yuan ran ètò náà lọ́wọ́.

Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Olùtajà ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ba ọjà rẹ̀ jẹ́, ẹni tí kì í ṣe òun ló gbé òfin náà jáde. Ìyá kan tó gba òṣìṣẹ́ mẹ́wàá lè ti jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó máa wo bí orúkọ tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ ṣe ń wó. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí Alibaba fi gbọ́: ìpàdánù náà hàn lójú ẹsẹ̀, ìjọba sì lahùn.

Ọ̀rọ̀ ìjọba yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ti Australia kún un. Ọdún 2008 kan náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ìsọ̀ lásán, eBay fẹ́ kó jẹ́ pé PayPal ló kù tí olùtajà lè fi gbowó ní Australia, àfi tí oníbàárà bá wá gbé ọjà fúnra rẹ̀ tó sì san owó lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ tó ń rí sí ìdíje ọjà, ACCC, ní àwọn ò gbà. Ní oṣù keje, eBay yí ohùn padà.

Ohun kejì tí mo ti rí tó ń mú wọn gbọ́ ni ọjà mìíràn tó bá ṣí sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Vinted, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lithuania, kì í gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ àlòkù rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀, eBay fúnra rẹ̀ yọ owó kúrò fún ẹni tó ń ta nǹkan ilé rẹ̀ ní Jámánì lóṣù kẹta ọdún 2023, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Britain lóṣù kẹwàá ọdún 2024, àfi ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé owó kan lé ẹni tó ń rà lórí ní Britain, torí náà kì í ṣe pé wọ́n di aláàánú. Kò sì kan oníṣòwò bíi tiyín. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀sẹ̀ kan ìyanṣẹ́lódì kò lè ṣe, ọjà tó wà ní òdìkejì títì ṣe é.

Ó wá kan ìbéèrè yín gan-an: ṣé kí ẹ tì í?

Tí ẹ bá tì í, ẹ mọ ohun tó lè ná yín. Nígbà tí èmi náà ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ òfì lórí ọ̀kan nínú àwọn ọjà yìí, mo ti ìsọ̀ mi fún ọjọ́ 12 láti lọ sìnkú bàbá mi. Mo padà dé, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tó máa ń wà lójú ìwé kìíní ti wà lójú ìwé kẹrin. Mo ń tẹ ojú ìwé kan lẹ́yìn èkejì, mo ń wá ọjà ara mi bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù lọ́jà. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méje kí títà tó padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ tàbí gbèsè, tó fi ọjà yìí san owó ilé, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà sọ fún un pé kó tì í. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bá tì í tí ẹ̀yin ò tì í, kò sọ yín di ọ̀dàlẹ̀. Ẹ lè má pàtẹ ọjà tuntun lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ fọwọ́ sí ìwé wọn, kí ẹ sì fi díẹ̀ nínú owó tí ẹ bá pa ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Torí ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ lọ́wọ́ sí, ju títì ìsọ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ireland ní ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní: òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2019/1150, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2020. Lábẹ́ òfin yìí, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fún olùtajà ní ìwé ó kéré tán ọjọ́ 15 kó tó yí àdéhùn padà. Ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ń gbé ọjà kan lọ sókè tó sì ń gbé òmíràn wálẹ̀ síbi tí ẹ ti lè kà á, kó sì sọ ìdí tí àwọn kan nínú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju òmíràn lọ. Tó bá fẹ́ ti ìsọ̀ yín pa, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún yín. Àwọn ńlá inú wọn gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ ti lè mú ẹ̀sùn lọ, láì san kọ́bọ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, tó ń ṣojú àwọn olùtajà, lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní orúkọ gbogbo yín. Ìsọ̀ kan tó tì kò lè ṣe ìyẹn. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lè ṣe é.

Ẹ wá lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín lóṣù tó kọjá jáde. Ẹ wo ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tí àyípadà máa bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá pé ọjọ́ 15, ẹ ti ní ẹ̀sùn lọ́wọ́, ẹ sì fi han ẹgbẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tó ń pinnu òkè àti ìsàlẹ̀: ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ní kíkọ sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ má fi fóònù ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjà mẹ́wàá tó ń tà jù, kí ẹ ṣe irú ìṣirò tí mo ṣe fún aṣọ dọ́là 40 yẹn, pẹ̀lú kọmíṣọ̀n tuntun. Mo ti bá ọ̀pọ̀ olùtajà ṣe é, ó sì máa ń jáde pé gèlè kan tàbí méjì wà tí wọ́n ti ń tà ní àdánù láti ọjọ́ pípẹ́ láì mọ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ fowó kún un tàbí kí ẹ gbé e kúrò lórí àtẹ. Ẹ má kàn fowó kún gbogbo ọjà lọ́gbọọgba, torí ọjà olówó kékeré ni sẹ́ǹtì tí kì í yí padà máa ń jẹ lára jù.

Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ yín jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ ya àwòrán gbogbo àbọ̀ rere tí ẹ ti gbà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ ní ojúlé tiyín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà kéré bí àtẹ ẹ̀wà, tí orúkọ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ orúkọ tó wà lára páálí yín. Àmọ́ àdírẹ́sì tí ọjà náà fún yín kí ẹ lè fi ẹrù ránṣẹ́, ẹ má fi polówó. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn ní Yúróòpù kò fàyè gba ìyẹn, onílé ọjà náà sì lè fi ìyẹn kẹ́wọ́ ti ìsọ̀ yín pa. Oníbàárà tó bá fẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó wá yín wá fúnra rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà kí ẹ máa kọ̀wé sí òun.

Ó ku ìràwọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Mo mọ bó ṣe ń rí lára, pàápàá tí ènìyàn bá ti jókòó sín ìlẹ̀kẹ̀ náà lóru. Ẹ má fèsì lónìí. Lọ́la, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí kọ́sítọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ọjà náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi ẹrù sílẹ̀ àti ọjọ́ tó dé ibodè, kí ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Tí wọn ò bá yọ ọ́, ẹ kọ èsì sábẹ́ rẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti máa rí i. Ẹ má kọ ọ́ sí ẹni tó fún yín ní ìràwọ̀ náà. Ẹni tó ń ronú bóyá kí òun rà lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ fi ẹrù náà ránṣẹ́. Ẹ sọ pé ó dé ibodè lọ́jọ́ báyìí, pé ibẹ̀ ni ó ti dúró, pé ó dùn yín pé ó pẹ́ kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àti pé láti ìsinsìnyí ẹ ti ń kọ sára àpèjúwe ọjà kọ̀ọ̀kan pé ẹrù tó bá ń lọ sí ìta Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè pẹ́ ní ibodè. Gbólóhùn mẹ́rin tó. Ẹ sì rí i pé ẹ kọ ọ́ sára àpèjúwe náà lóòótọ́, lórí gèlè àti lórí ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ tó tẹ èsì náà ránṣẹ́.